Épírọ́ọ̀nù Òjé Kan Ṣoṣo

Ọkùnrin tó ń ya ẹ́ksíréè nílé ìwòsàn tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Yábàá jù mí lọ dáadáa. Ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n" nínú ìwé yìí. N kò ní pè é bẹ́ẹ̀. Mo ti bọ̀wọ̀ fún un tó nígbà tí mo wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọdún mélòó kan ṣáájú òmìnira ni. Iṣẹ́ tèmi ni láti di àwọn ọmọdé mú níwájú ẹ̀rọ kí wọ́n má baà mira, torí bí ọmọ bá mira, àwòrán á bàjẹ́. Épírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá náà, wọ́n fi òjé sínú rẹ̀ kí ìtànṣán ẹ̀rọ má baà wọni lára. Ó wúwo bí àpò gààrí. Ọ̀gá ló ń wọ̀ ọ́. Á wọ̀ ọ́ tán, á tún lọ sá sẹ́yìn ògiri kó tó tẹ bọ́tìnnì, èmi á sì wà níwájú ẹ̀rọ pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́, aṣọ òwú lásán ló bò mí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé nǹkan náà léwu. Sísá tó ń sá ló sọ fún mi.

Oyún méjì ti bàjẹ́ lára mi nígbà yẹn. Bóyá ẹ̀rọ ló fà á, bóyá òun kọ́, n kò mọ̀, dókítà pàápàá kò mọ̀. Ìyá ọkọ mi ní Muṣin ní tirẹ̀ mọ̀: ó ní mo ń wo egungun alààyè lójoojúmọ́, ọmọ wo ló máa gba ọ̀dọ̀ irú mi wá? Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ìjọra, kì í dá sí i. Bí ẹni pé ó bu omi sẹ́nu. Mo kórìíra ìdákẹ́ yẹn ju ẹnu ìyá rẹ̀ lọ.

Mo bá lọ bá ọ̀gá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ lóyún. Tí mo bá ń di ọmọ mú, ẹ jẹ́ kí n máa wọ épírọ́ọ̀nù yẹn. Ẹ̀yin ẹ ṣáà ní ògiri."

Ó rẹ́rìn-ín. "O fẹ́ lóyún, àbí o ti lóyún?"

"Mo fẹ́ ni, sà."

"Tó o bá ti lóyún, wá sọ fún mi, màá ní kí wọ́n gbé ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Kí obìnrin tó mọ̀ pé òun lóyún, ọ̀sẹ̀ mélòó ni oyún náà á ti lò níwájú ẹ̀rọ? Ta ló sì ń fẹnu kéde oyún? Ikùn ló ń kéde ara rẹ̀. Síbẹ̀, ní àràárọ̀ ni ọkùnrin yìí ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tí á máa pariwo sí àwọn obìnrin tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì: "Ta ló lóyún níbí?" Gbogbo wọn á ní kì í ṣe àwọn. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Òun á wá kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti béèrè.

Nígbà tó yá, nǹkan oṣù mi kò wá. Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí mo ti ń retí rẹ̀, ọ̀gá yíjú sí mi lójú gbogbo èrò. "Ìyàwó, ìwọ ńkọ́?"

"Rárá, sà."

Lọ́jọ́ kejì, mo dé kó tó dé. Mo mú épírọ́ọ̀nù lórí ìṣó, mo wọ̀ ọ́, mo so okùn rẹ̀.

"Bọ́ ọ."

"N ò bọ́ ọ, sà. Ẹ wá bọ́ ọ lára mi."

Kò jẹ́ fọwọ́ kan ìyàwó oníyàwó lójú èrò, mo sì mọ̀. Ó wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ṣílẹ̀kùn. Ó pe obìnrin tó jókòó síwájú, tó gbé ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń wúkọ́ wá láti Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó.

"Ìyá ọmọ, wá di ọmọ ẹ mú fúnra ẹ. Ṣó o lóyún?"

"Rárá, sà."

Obìnrin náà wọlé. Bó ṣe ń kọjá lára mi, ó tutọ́ sínú aṣọ kékeré kan tó ká mọ́wọ́, kò pẹ́, ó tún tutọ́. Mo mọ itọ́ yẹn. Tèmi náà ti bẹ̀rẹ̀ láti àná.

Ó wo àyà mi, ó wo ojú mi. "Àǹtí, kí lẹ wọ̀ yẹn?"

Gbólóhùn kan péré ni ǹ bá fi kìlọ̀ fún un. Ojú ṣì ń tì mí di òní.

"Aṣọ iṣẹ́ ni," mo ní.

Ọmọ tó wà nínú mi láàárọ̀ ọjọ́ náà ni àkọ́bí mi, ara rẹ̀ sì le. Ti obìnrin yẹn, n kò mọ̀. N kò wádìí.

Ó di ọmọ rẹ̀ mú níwájú ẹ̀rọ. Ọ̀gá lọ sẹ́yìn ògiri. Èmi náà, tòun ti épírọ́ọ̀nù lára, mo tẹ̀lé e lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ kò fẹ̀. Ó sún fún mi.