Bàbá Tépù àti Báńmì Tí Kò Ní Ìyá

Ọjọ́ tí èèrà gba tábìlì ọ̀gá ilé-ìwé ni gbogbo àdúgbò fi ń ṣírò ọjọ́ orí ọmọ wọn. "Ọmọ yìí ti ń rìn kí èèrà tó gba tábìlì," ni wọ́n máa ń wí. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ló sì mọ ìtàn náà sọ jù.

Tábìlì náà fúnra rẹ̀ kò ní àbùkù. Bàbá Tépù ló kàn án, káfíńtà tó fi ogójì ọdún ó lé ẹyọ kan gé igi láìṣì í gé. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró gbọnyin, àpótí ìfàyọ rẹ̀ ń wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà àtijọ́, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n rúsúrúsú débi pé ẹni tó ń kọjá á dúró wò ó. Ọ̀gá ilé-ìwé gbé e lọ ní ọjọ́ Ajé. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó padà wá. Kò gbé tábìlì dání. Ìwé kan ló gbé, èèrà sì ń ti inú ìwé náà jáde.

"Káfíńtà, ẹ wá wo nǹkan."

Bàbá Tépù bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. "Èèrà ni, Màdámú."

"Mo mọ̀ pé èèrà ni! Ìdí tábìlì tí ẹ kàn fún mi ni wọ́n ti ń wá. Wọ́n tò lọ, wọ́n tò bọ̀. Ká ní wọ́n dìbò nílé-ìwé mi lónìí, àwọn ni wọn ì bá wọlé. Kí lẹ fi kun tábìlì yẹn?"

Bàbá Tépù wo agolo méjì tó wà lórí pẹpẹ. Ọ̀kan ni àwọ̀ tí wọ́n fi ń kun igi. Èkejì ni omi sóyà dúdú, èyí tó ní iyọ̀, tó sì dùn díẹ̀, tí wọ́n fi ń rẹ oúnjẹ. Àwọn agolo náà jọra bí ìbejì. Òun fúnra rẹ̀ ló da omi sóyà sínú agolo, nítorí ó ní ìgò kì í ṣe ohun èlò káfíńtà. Ó tọ́ ọ̀kan wò, ó pọ́n ẹnu lá. Ó tọ́ èkejì wò, ó tutọ́. Ìgbà náà ló tó yé e ìdí tí ìyàwó rẹ̀ fi sọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé pé oúnjẹ òun ń dán bí àga, tó sì kọ̀ láti fẹnu kàn án.

"Màdámú," ló wí, "èèrà kì í yà sí ìdí igi burúkú."

Kí ló wá gbé omi sóyà wọ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà? Ìyàwó rẹ̀ mọ ìdáhùn, torí òun gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì ni obìnrin náà. Láti ọdún pípẹ́ wá, bó bá ti di ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, yóò ti ilé ìwòsàn bọ̀, yóò jókòó sórí bẹ́ńṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀. Ní òdìkejì títì, obìnrin kan tó ti ilẹ̀ Fiẹtnám wá ní ilé oúnjẹ kékeré kan, báńmì ló ń tà níbẹ̀. Búrẹ́dì gígùn ni báńmì, èèpo rẹ̀ ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́nu. Wọ́n á la ikùn rẹ̀, wọ́n á ki ẹran sí i, pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì tó ti mu fínígà yó, kùkúḿbà, ata tútù, ewé olóòórùn, àti máyónéèsì fífẹ́lẹ́ láti fi di gbogbo rẹ̀ mú. Bàbá Tépù á ra ẹyọ kan, á fi ayùn kékeré kan tí kò gé igi rí gé e sí méjì. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ìfẹ́ lórí bẹ́ńṣì náà. Ẹnu wọn kún.

Ọdún tí nọ́ọ̀sì fẹ̀yìn tì ló sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun kò ní jẹ ohunkóhun tó bá ní ìyá mọ́.

"Bí i kí ni?" ni ọkọ bi í.

"Bí ẹran. Ẹja. Ẹyin. Wàrà màlúù. Bàbá wọn, ọgbẹ́ ni mo fi gbogbo ayé mi wò. Mi ò fẹ́ kí nǹkan kan tún fara gbọgbẹ́ nítorí ọ̀fun mi. Mi ò ní kí ẹ̀yin náà má jẹ ẹ́ o."

Bàbá Tépù ní kò burú. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ra báńmì rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì mú ọsàn wá. Sátidé kejì, òórùn ẹran náà ń dà á láàmú, ó dúró sílé. Sátidé kẹta, Bàbá Tépù dá jókòó. Ó jẹ ìdajì, ó wo ìdajì yòókù títí, ó wé e, ó gbé e lọ sílé, ó gbé e sórí tábìlì níwájú ẹni tí kò lè jẹ ẹ́. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló dé, ó ní búrẹ́dì ọjọ́ náà ló gùn jù.

Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. "Ìyá wọn, mo máa ṣe báńmì tí kò ní ìyá. Wàá padà sórí bẹ́ńṣì yẹn. Ọ̀sẹ̀ kan péré."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí omi ń jóná mọ́ lọ́wọ́?"

"Ẹni tó kan ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń kánkùn kó tó wọlé, ṣé búrẹ́dì ló máa ṣẹ́gun rẹ̀?"

Ọ̀sẹ̀ kan náà gba oṣù mẹ́ta.

Ọ̀dọ̀ oníbáńmì ló kọ́kọ́ lọ. Ó fa tépù yọ, ó nà án lé búrẹ́dì lórí, ó wọn gígùn, ó wọn ìbú, ó fẹ́ máa wọn ikùn.

"Bàbá," ni oníbáńmì wí, "ṣé ẹ fẹ́ rà á ni àbí ẹ fẹ́ rán ṣòkòtò fún un?"

"Ínǹṣì mẹ́sàn-án géérégé. O ṣeun, ìwọ náà kì í fi ìwọ̀n ṣeré. Wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi."

"Ohun tí ojú yín rí ló wà níbẹ̀."

"Ojú mi rí i. Ahọ́n mi ni kò mọ̀ ọ́n kà."

"Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kan àga, kí n kọ́ yín ní báńmì."

"Ọdún méje ni wọ́n fi ń kọ́ àga!"

"Ọdún méje náà ni báńmì."

Ó dúró síbẹ̀ títí àwọn oníbàárà fi tò yí i ká bí ìgbà tí odò bá yí òkúta ká. Ó bẹ̀ ẹ́, ó halẹ̀, ó sọ ìtàn àga kan tó kàn tí ẹni tó jókòó sí i gbàgbé gbèsè rẹ̀. Níkẹyìn, kí ọ̀nà lè là, oníbáńmì fi àṣírí kan ta á lọ́rẹ: kó fi wàrà sóyà rọ́pò ẹran, wàrà funfun dídì tí wọ́n ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fún omi inú rẹ̀ kúrò dáadáa. "Ẹ wá nǹkan tó wúwo," ló wí. Kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Fáìsì ni Bàbá Tépù gbé e sí, irin ńlá ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ tí wọ́n fi ń há igi kó má mì. Ó fi aṣọ mímọ́ wé wàrà, ó há a, ó sì yí ọwọ́ irin náà bí ẹni ń há igi ìrókò: ìyípo mẹ́jọ. Wàrà náà kò janpata. Ó kàn gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Apá kan bá kàlẹ́ńdà ara ògiri, ó bo oṣù kẹfà mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ kìíní títí dé ọgbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ tó ń wọlé bọ̀ dúró, ó wo kàlẹ́ńdà.

"Oṣù yẹn ò ní ọjọ́ gidi kan nínú tẹ́lẹ̀," ni Bàbá Tépù wí.

Wàrà mọ́kànlá ló ṣòfò kó tó rí ìwọ̀n náà: ìyípo méjì àbọ̀. Ó fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sára ògiri, ó fa igi sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó wá ra àga tí kò gbọ́ ìwàásù rẹ̀. "Méjì àbọ̀! Tó bá fi lè di mẹ́ta, ìkà ti wọ̀ ọ́ nìyẹn."

Kárọ́ọ̀tì kò yọ ọ́ lẹ́nu. Ìfági tó fi ń dán pákó ló fi fá a, ó sì fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè ka lẹ́tà láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbé e lọ sílé, ó dúró ti ìyàwó rẹ̀ bí ẹni ń dúró de èsì ìdánwò. Nọ́ọ̀sì jẹ, ó jẹ, ó dẹ́kun jíjẹ. Ó fa nǹkan kan yọ láti ẹ̀yìn eyín.

"Bàbá wọn, igi rèé."

Ó gbà á, ó yí i wò lójú ìmọ́lẹ̀, ó sì gbé e padà sórí àwo rẹ̀. "Igi ò ní ìyá."

Ní ti máyónéèsì, ohun tí àdúgbò mọ̀ ni pé ó da òróró àti omi funfun tí wọ́n fún lára ẹ̀wà sóyà pọ̀ sínú ike, ó gbé irin ìpo-ẹyin sẹ́nu dírìlì tó fi ń lu igi, ó sì tẹ̀ ẹ́. Àjà ṣọ́ọ̀bù náà ṣì ní tó-tò-tó funfun lára. Bí àlejò bá gbójú sókè, Bàbá Tépù á ní ìràwọ̀ ni, òun ló yà á, ó gba òun lọ́jọ́ mẹ́ta.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ èèrà, ó da omi sóyà dúdú padà sínú ìgò láìbá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ránṣẹ́ pe ìyàwó rẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó pe oníbáńmì náà pé kó wá ṣe adájọ́. Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn nídìí pẹpẹ, ó gé búrẹ́dì, ó sì gbé ọ̀kan fún ìyàwó rẹ̀. Ó já díẹ̀ lára tirẹ̀ fún adájọ́.

"Tó bá yàtọ̀ sí tìẹ," ló wí fún un, "tépù mi di tìẹ."

Ojú nọ́ọ̀sì lọ sí ìdí bẹ́líìtì ọkọ rẹ̀. Tépù náà kì í kúrò níbẹ̀, àfi tó bá ń sùn.

Oníbáńmì jẹ ẹ́. Ó pa ojú dé. Ó la ojú. "Ó yàtọ̀."

"Níbo?"

"Omi ẹja ò sí níbẹ̀. Èmi máa ń kán an sí i."

"Ẹja ní ìyá!"

"Mo mọ̀. Bóyá ó yàtọ̀ lẹ bi mí, ẹ ò bi mí bóyá ó dùn."

Bàbá Tépù tú tépù rẹ̀, ó gbé e sórí bẹ́ńṣì bí ọba tó ń bọ́ adé. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ èèpo búrẹ́dì. Wọ́n yíjú sí i: nọ́ọ̀sì ti jẹ tirẹ̀ dé ìdajì, ata ti mú omi jáde lójú rẹ̀, máyónéèsì wà ní imú rẹ̀.

"Ẹ gbé tépù yín," ló wí pẹ̀lú ẹnu kíkún. "Ẹ jókòó. Tiyín ń tutù."

Ó jókòó. Láti ọjọ́ náà, ọdún mẹ́sàn-án gbáko, kò ra báńmì ẹlẹ́ran mọ́. Ó ní nítorí eyín ni. Sátidé kan kò sì kọjá kí ìyàwó rẹ̀ má fi àtẹ́lẹwọ́ díwọ̀n ìdajì tó wà níwájú rẹ̀, kó sì wí pé:

"Bàbá wọn, tèmi gùn ju tiyín lọ."

"Wọ́n dọ́gba. Tépù kì í parọ́."

"Ojú mi ńkọ́?"

"Ojú lè parọ́. Jẹun."

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Bàbá Tépù jókòó sórí àga tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, kò sì dìde mọ́. Àga náà kò mì. Níbi ìsìnkú, ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n ní kó sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò kun tábìlì yẹn lẹ́ẹ̀kejì, pé èèrà ṣì ń wá kí i lọ́dọọdún. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní, "Èèrà..." Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló bá a parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: "Èèrà kì í yà sí ìdí igi burúkú!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọn ò fi mọ ìgbà tó di ẹkún.

Sátidé kẹta lẹ́yìn rẹ̀, nọ́ọ̀sì ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó so tépù náà mọ́ ìdí. Ó wé wàrà, ó há a sí fáìsì, ìyípo méjì àbọ̀. Ó fi ìfági fá kárọ́ọ̀tì, ó ṣa igi inú rẹ̀ kúrò. Nígbà tó kan gígé, ó bọ́ sí ẹ̀yìn pẹpẹ, níbi tí kò dúró sí rí, nítorí ọkọ rẹ̀ ló máa ń kọ ẹ̀yìn sí i níbẹ̀.

Lójú pákó pẹpẹ náà, ó rí ìlà pẹ́ńsùlù mẹ́ta: ọ̀kan fún orí búrẹ́dì, ọ̀kan fún ìdí rẹ̀, ọ̀kan láàárín. Ti àárín náà ni ayùn ti jẹ wọnú, ó ti jin bí ojú ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì fa tépù yọ. Láti orí dé àárín, ínǹṣì márùn-ún. Láti àárín dé ìdí, mẹ́rin. Ó tún un wọ̀n.

Ẹ̀rín tó rín ni oníbáńmì gbọ́ tó fi sáré sọdá títì. "Màmá, kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan. Jókòó."

Nọ́ọ̀sì gbé ayùn kékeré, ó gé búrẹ́dì lójú ìlà, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ńṣì. Oníbáńmì wo ti ọwọ́ rẹ̀, ó wo ti ọwọ́ nọ́ọ̀sì.

"Màmá, tèmi gùn ju tiyín lọ."

"Wọ́n dọ́gba," ni nọ́ọ̀sì wí. "Jẹun."