Orin Tó Gbé Mi Dìde Lórí Ẹní

Èéfín tùràrí ń rìn mí nímú, mo fẹ́ sín, mo sì ń rò ó bóyá ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ máa ń sín. Mo dùbúlẹ̀ gbalaja sórí ẹní láàárín yàrá wa ní Ìpakodò. Bàbá arúgbó aládùúgbò wa jókòó tì mí, ó gbé ohun èlò orin olókùn mẹ́ta tí wọ́n fi awọ ràkúnmí bò lé itan. Ìyá mi ló ń lu irin pẹlẹbẹ méjì tí bàbá náà kó lé e lọ́wọ́, ariwo rẹ̀ bí ẹni pé ẹṣin ń sáré lórí páànù.

Ilẹ̀ Mòrókò ni bàbá náà ti wá, láàárín àwọn Gínáwà tí wọ́n ń fi orin àti ijó wo aláìsàn. Ó ní ẹsẹ̀ lòun fi rìn dé ọ̀dọ̀ wa, pé kìnnìún kan sin òun dé àbọ̀ ọ̀nà nítorí orin. Mo gbà á gbọ́ nígbà náà, n kò sì tíì yí ọkàn padà.

Irọ́ tèmi kéré sí i. Kí n má baà lọ síléèwé ni mo ṣe ní ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Ọjọ́ kìíní dùn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ìyá mi ò lè jẹun, bàbá mi sì ti bá ọlọ́kọ̀ ojú omi sọ̀rọ̀ pé bí ilẹ̀ ọ̀la bá ti mọ́, ó di ọsibítù l'Ékòó, bóyá wọn a gé ẹsẹ̀ náà. Mo fẹ́ jẹ́wọ́, ẹ̀rù pàṣán ò jẹ́. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá mi lọ pe bàbá arúgbó náà wá.

Bàbá náà ní àlùjọ̀nnú kọ̀ọ̀kan ló ní orin àti aṣọ tirẹ̀. Èyí tó bá mú aláìsàn, ara rẹ̀ á dá orin náà lóhùn. Ó da aṣọ funfun bò mí, ó kọrin. N kò mira. Ó da búlúù, ó da pupa. Mo gan bí igi. Ó wá dákẹ́, ó wò mí lójú dáadáa, ó bẹ̀rẹ̀ orin kékeré kan báyìí. Kí n tó mọ̀, àtàmpàkò ẹsẹ̀ mi ti ń jó. Mo bá kúkú tẹ̀lé e. Mo dìde, mo jó yí yàrá ká. Ìyá mi ju irin sílẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Bàbá náà fà mí mọ́ra bí ẹni tó ń ṣàdúrà fún mi, ó sọ sí mi létí pé, "Orin yẹn ò ní àlùjọ̀nnú kankan nínú o, ọmọ mi. Òun ni mo fi ń pe ewúrẹ́ mi wálé."

Mo mọ̀ pé àṣírí mi ti tú. Ó gbójú sókè, ó sọ fún bàbá mi pé àìsàn ti lọ, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ na ọmọ náà fún oṣù mẹ́ta, kó má baà padà wá.

Bàbá mi ní, "A ti gbọ́, bàbá. Ẹ ṣeun."

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ká irọ́ mọ́ mi lẹ́nu látìgbà náà. Òun nìkan ló ṣílẹ̀kùn fún mi kí n gba ibẹ̀ jáde. Tí mo bá rí ọmọdé tí irọ́ tirẹ̀ ti há mọ́ lọ́rùn lónìí, èmi náà máa ń wá ilẹ̀kùn fún un. Ní ti ìyá mi, títí ó fi kú ló ń ròyìn ìwòsàn yẹn fún àlejò, dé Ẹ̀pẹ́. Èmi ni mo máa ń ṣe àmín tó ròkè jù.