Ọ̀dà Pupa Lára Ilé Ẹbí

"Àǹtí, ṣé ẹ ò rí ti ilé Bàbá àgbà ni?"

Ọmọ àbúrò rẹ̀ ló béèrè. Ọmọ náà kì í sábà sọ̀rọ̀. Bí ìbéèrè náà ti jáde, ọwọ́ ló fi bo ẹnu. Àǹtí gbé agolo ọ̀dà rẹ̀, ó bọ́ síta.

Wolé-wolé ni Àǹtí, ìjọba ìbílẹ̀ ló gbà á síṣẹ́. Ilé tó bá ti di ẹgẹrẹmìtì, òun ló máa ń fi ọ̀dà pupa sàmì sí i lára. Onílé tí kò bá tún un ṣe kí àkókò tí wọ́n dá fún un tó pé, katakata á wá wó o. Kó tó ṣí ọ̀dà, á kọ́kọ́ fi ìka kan ògiri, á sì tẹ́tí sí i bí ẹni ń gbọ́ àròyé.

"Ẹ sá o, Awólé ti dé!" làwọn ará àdúgbò máa ń wí.

Á rẹ́rìn-ín. "Èmi kọ́ ni mo wó o. Ẹ̀yin lẹ ò tọ́jú ẹ̀."

Ṣùgbọ́n ògiri ilé bàbá tirẹ̀ ti yọkùn sójú ọ̀nà. Ilé ẹbí ni. Gbogbo wọn ló jogún rẹ̀. Bó bá wá kan ọ̀rọ̀ símẹ́ńtì, oníkálukú á máa wojú ẹnìkejì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ti fẹ̀yìn tì, nìkan ló kù síbẹ̀. Nítorí náà, Àǹtí fi òpópónà yẹn sílẹ̀ fún ẹnì kan tó wà lábẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ìyẹn náà débẹ̀, ó ní, "Ilé ọ̀gá mi kọ́ nìyí?" Ó fò ó. Ọdún ń gorí ọdún, ògiri ń tẹ̀ sí i.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, búlọ́ọ̀kù kan já láti òkè ògiri náà, ó balẹ̀ gbì síwájú obìnrin kan tó pọnmọ. Díẹ̀ ló kù. Nígbà tí Àǹtí gbọ́, kò lọ síbẹ̀ ní tààrà. Ilé ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Ó kó àga kúrò ní pálọ̀, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá gbé ọ̀dà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé èmi lo fẹ́ kùn ni, àbí ilé?"

"Ilé ni, bọ̀dá mi. Ẹ dákun, ẹ yà díẹ̀."

"Kúkú kùn mí níwájú orí, kí katakata lè dá mi mọ̀!"

Ọ̀dà ṣàn sílẹ̀, àmọ́ Àǹtí sàmì náà tán. Òun fúnra rẹ̀ ló ru ẹrù bọ̀dá lọ sílé tirẹ̀.

Fún ìgbà pípẹ́, bọ̀dá kì í bá a sọ̀rọ̀ ní pálọ̀ náà, àfi tó bá fẹ́ sọ pé ọbẹ̀ ò níyọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ àbúrò Àǹtí yẹn, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde girama, wá kí wọn. Bọ̀dá ń hanrun lórí bẹ́ẹ̀dì. Àǹtí wò ó títí, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìbéèrè tó o bi mí lọ́jọ́sí. Mo rí ilé náà, ọmọ mi. Ibi tí bọ̀dá mi máa sùn ni mi ò rí."