Èbúté Tó Ń Bá Omi Rìn

Ẹni tó bá gbọ́ pé awakọ̀ ojú omi ni mí á rò pé àjẹ̀ ni mo fi ń jẹun. Ẹ̀yìn mi ni mo fi ń jẹun. Ní adágún odò Ìkéré lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn, níbi tí mo ti ń tukọ̀ láti ìgbà tí mi ò tíì níyàwó, omi kì í dúró sójú kan. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, omi á gun òkè dé ìdí igi irúgbá. Bí ọyẹ́ bá dé, á fà sẹ́yìn, á fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Ọkọ̀ kò lè gun ẹrẹ̀ yẹn, èrò kò sì fẹ́ rìn ín. Nítorí náà, bí a bá ti dé etí omi, awakọ̀ á bọ́ sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀, èrò á gùn ún lẹ́yìn. Mo ti pọn tíṣà, mo ti pọn agùnbánirọ̀, mo ti pọn àáfà kan tó ń pariwo mọ́ mi létí pé kí n má jẹ́ kí láwàní òun já bọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wa lófin. Obìnrin tó bá ti wọlé ọkọ kì í gun ẹ̀yìn ọkùnrin mìíràn. Wọ́n á ká aṣọ sókè, wọ́n á di ọ̀pá ìtukọ̀ mú, awakọ̀ á máa fà wọ́n bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ti ìyá ìyàwó ẹni tilẹ̀ tún le ju ìyẹn lọ. Ta ló ń pọn ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún?

Ràfátù ìyàwó mi ń bọ̀ láti abúlé ìyá rẹ̀ ní òdìkejì omi lọ́jọ́ kan. Èmi ti gbé èrò lọ síbòmíràn, ló bá wọ ọkọ̀ Múfú, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Àṣàbí, ọmọ wa kan ṣoṣo, wà nílé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Múfú bọ́ sínú omi, ó bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Àṣàbí, ẹ gùn mí lẹ́yìn. Ibí yìí ò dáa lónìí."

"Háà, Múfú! Èmi náà? Kí wọ́n rí mi lẹ́yìn ẹ kẹ̀?"

Ràfátù rẹ́rìn-ín, ó ní kí Múfú na ọ̀pá sí òun. Ẹsẹ̀ tó kọ́kọ́ gbé kò bá ilẹ̀, nítorí bèbè odò àtijọ́, ti ìgbà tí wọn ò tíì sé e di adágún, wà lábẹ́ omi níbẹ̀, ó sì ti ya lulẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ bọ́ lára ọ̀pá. Ìgbà tí Múfú fi rí i fà jáde, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Mi ò bínú sí Múfú. Ohun tó yẹ kó sọ ló sọ, ohun tó yẹ kí ọmọlúàbí obìnrin fi dá a lóhùn náà ni ìyàwó mi fi dá a lóhùn. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí títí di òní.

Òbí kì í sin ọmọ, nítorí náà a ò mú ìyá Ràfátù wá síbi ìsìnkú. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá ránṣẹ́ sí mi: "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ọmọ-ọmọ mi sórí omi. Èmi ni n ó wá bá a." Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ wá? Ọ̀nà ilẹ̀ yí po, ìbàdí wọn ò gba ọ̀kadà mọ́. Wọn ò lè rin ẹrẹ̀, wọn ò sì lè gùn mí lẹ́yìn. Àṣàbí ń dàgbà, ó jọ ìyá rẹ̀ bí ìmumu, bẹ́ẹ̀ ni ojú ìyá àgbà ń ṣú lọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọjọ́ tí wọ́n bá máa fi dé, wọn ò ní í rí ojú ọmọ náà mọ́.

Nígbà tí ẹgbẹ́ àwa awakọ̀ gbọ́ pé wọ́n ń pàtẹ ọkọ̀ ojú omi àti ohun èlò rẹ̀ ní Èkó, èmi ni wọ́n rán pé kí n lọ wo ẹ́ńjìnnì tuntun bọ̀. Mo rí nǹkan! Mo rí ọkọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì àti fíríìjì, tí àwọn èèyàn ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, àfi bí ẹni ń wọ mọ́ṣáláṣí. Ọkùnrin kan bi mí pé irú ọkọ̀ wo ni mo ní. Mo ní onípákó. Ó rò pé àwàdà ni mo ń ṣe, ó gbá mi léjìká.

Lẹ́yìn àwọn ọkọ̀ olówó ńlá wọ̀nyẹn, mo rí ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò dúró wò: àwọn àpótí rọ́bà tí wọ́n so mọ́ra, tí wọ́n tẹ́ sórí omi bí ẹní. Ọmọbìnrin tó ń tà á ní kí n gorí ẹ̀.

"Èbúté ni, Bàbá. Kò ní rì."

"Tí omi bá fà sẹ́yìn ńkọ́?"

"Á bá a lọ sílẹ̀ ni, sà. Tó bá kún, á bá a gòkè. Ẹ ṣáà so ó mọ́ òpó."

Mo gbẹ́sẹ̀ lé e. Ó mì díẹ̀, ó dúró. Mo bá jókòó sórí ẹ̀, mo sunkún. Ọmọbìnrin náà rò pé òòyì ló kọ́ mi, ó sáré gbé omi tútù wá. Nígbà tí ara mi balẹ̀, ó fi òrùka irin tó yí òpó ká hàn mí, èyí tó ń jẹ́ kí èbúté náà lè máa gòkè kó sì máa sọ̀.

Nígbà tí mo délé, ẹgbẹ́ béèrè ẹ́ńjìnnì. Mo ní mi ò wo ẹ́ńjìnnì kankan. Wọ́n pariwo lé mi lórí títí mo fi ṣàlàyé ohun tí mo rí. Múfú ló kọ́kọ́ dìde lọ wá dúrọ́ọ̀mù rọ́bà. A dé ẹnu wọn pa, a so wọ́n pọ̀, a kan pákó lé wọn lórí, a fi òrùka kọ́ wọn mọ́ òpó irin. A ṣe é gùn láti ojú omi títí dé ibi tí ilẹ̀ ti le.

Èmi fúnra mi ni mo lọ gbé ìyá ní òdìkejì, níbi tí etí omi ti jẹ́ àpáta tí ọkọ̀ lè sún mọ́. Wọ́n dijú nínú ọkọ̀, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà. Nígbà tí a gúnlẹ̀, wọ́n lajú.

"Bàbá Àṣàbí, báwo ni n ó ṣe sọ̀?"

"Ẹ fẹsẹ̀ yín rìn, Ìyá."

Wọ́n rìn ín. Àṣàbí dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú rẹ̀ mú, wọ́n fà á mọ́ra, wọ́n wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú padà wo ohun tí wọ́n gbà kọjá.

"Ohun tó kù kí ọmọ mi má kú náà nìyí? Pákó àti dúrọ́ọ̀mù?"

"Òun náà ni, Ìyá."

Múfú wà nínú omi, ó di okùn ọkọ̀ mú, kò lè gbójú sókè wo ìyá. Ìyá bọ́ bàtà wọn, wọ́n padà sórí pákó náà, wọ́n jókòó, wọ́n sì sunkún ọmọ tí a ò jẹ́ kí wọ́n sin. Èrò ń dúró, ọkọ̀ ń dúró. Kò sẹ́ni tó tukọ̀ títí ìyá fi dìde.