Móólù tí Ó Ya Èmi àti Kẹ́hìndé

Nígbà tí èmi àti ìkejì mi, Kẹ́hìndé, ṣì wà ní kékeré ní Adó-Èkìtì, kò sẹ́ni tó ń rí ọ̀kan nínú wa láìrí ìkejì. Orí ẹní kan ni a ń sùn, inú abọ́ kan ni a ti ń jẹun, bí Màámi bá sì na ọ̀kan, àwa méjèèjì ni í sunkún. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Màámi ní Ìyìn-Èkìtì. Kùtùkùtù ni í kúrò nílé, ohun kan náà ni ó sì máa ń wí fún wa lẹ́nu ọ̀nà: "Ibi tí ẹ bá ń lọ, ẹ jọ máa lọ o." Bẹ́ẹ̀ náà ni a ń ṣe, títí a fi dé ọdún kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ girama, tí a bọ́ sọ́wọ́ tíṣà kẹ́mísírì.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ irú tíṣà tí mo ń wí. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní tirẹ̀ nígbà náà. Àrá ni a ń pe tiwa, lẹ́yìn rẹ̀ ni o, ta ló tó bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀! Ohùn rẹ̀ a máa ṣáájú rẹ̀ wọ kíláàsì, rọ́bà dúdú kan tó fi ń nà wá sì máa ń wà ní kíká nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Móólù ni ó gbà á lọ́kàn jù lọ. Ó ní nǹkan tíntìntín tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní átọ́ọ̀mù, ló para pọ̀ di gbogbo ohun tí a ń fọwọ́ kàn. Wọn kò ṣeé kà lẹ́yọ lẹ́yọ, nítorí náà ìdì-ìdì ni à ń kà wọ́n, ìdì kan ni móólù kan. Iye átọ́ọ̀mù tó wà nínú ìdì kan ni mẹ́fà tí òdo mẹ́tàlélógún tẹ̀lé. Ó ń to òdo náà sójú pátákó títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fèrèsé.

"Ẹ gba ara móólù kọjá!" ni igbe rẹ̀. Bí ó bá fún ọ ní gíráàmù, tí ó ní kí o wá iye átọ́ọ̀mù, o ní láti kọ́kọ́ sọ gíráàmù náà di móólù. Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà wo ni à ń pín, ìgbà wo ni à ń sọ ọ́ di púpọ̀? Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń dà rú mọ́ mi lójú. Ẹni tó bá ṣì í yóò kúnlẹ̀, yóò na ọwọ́ sókè, rọ́bà yóò sì sọ ìyókù. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹ́mísírì, Kẹ́hìndé ni mo máa ń fi àkàrà gbígbóná tí mo fẹ́ràn jù láyé sílẹ̀ fún.

Kẹ́hìndé kò bẹ̀rù móólù rárá. Òun ló là mí lóye, ní Sátidé kan tí a lọ sọ́dọ̀ ìyá Màámi ní Ìgbẹ́mọ. Abẹ́ igi máńgòrò ni a jókòó sí, à ń ṣa òkúta lára ìrẹsì tuntun. Ó ní, "Táyé, bí o bá fẹ́ ti Ìgbẹ́mọ yìí lọ bá Màámi ní Ìyìn, ibo lo máa gbà?" Mo ní Adó ni. Ó ní, "Ó parí. Gíráàmù ni Ìgbẹ́mọ, móólù ni Adó, iye átọ́ọ̀mù ni Ìyìn." Láti Ìgbẹ́mọ dé Adó, a ó fi ìwọ̀n móólù kan pín gíráàmù tí a ní. Láti Adó dé Ìyìn, a ó fi nọ́ńbà olódo gbọọrọ yẹn sọ ọ́ di púpọ̀. Bí a bá ń padà bọ̀, ibi tí a ti sọ ọ́ di púpọ̀ ni a ó ti pín in, ibi tí a ti pín in ni a ó ti sọ ọ́ di púpọ̀. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da atẹ ìrẹsì nù. Ìyá àgbà sì ké sí wa láti ilé ìdáná pé, "Ẹ wá jẹ uṣu o!"

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni Àrá kéde pé ní ọjọ́ Jímọ̀, oníkálukú yóò jáde wá sójú pátákó. Ẹni tó bá kùnà, kíláàsì áàtì, níbi tí wọn kì í ti í kọ́ kẹ́mísírì, ni yóò bá ara rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, kò sí ẹ̀bẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ rọ́bà kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀rù pé wọn yóò yà wá ló kù, nítorí àwa méjèèjì mọ ẹni tí yóò kùnà. Bí a ti ń pọnmi ni Kẹ́hìndé ń bi mí ní ìbéèrè. Nígbà tó rí i pé ojú mi ń ṣe omi, ó ní, "Bí o bá kùnà, èmi náà á mọ̀ọ́mọ̀ kùnà, a ó jọ lọ."

Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Imí ọjọ́ gíráàmù mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, átọ́ọ̀mù mélòó ni? Ìwọ̀n móólù kan rẹ̀ jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n. Mo ń rí títì Ìgbẹ́mọ lójú mi. Mo pín in, mo dé Adó: móólù méjì. Mo sọ ọ́ di púpọ̀, mo dé Ìyìn: méjìlá tí òdo mẹ́tàlélógún tẹ̀lé. Àrá mi orí. Mo padà jókòó, inú mi dùn bí ẹni pé a ti yọ, àwa méjèèjì.

Ó wá kan Kẹ́hìndé. Kábọ́ọ̀nù, tí ìwọ̀n móólù kan rẹ̀ jẹ́ méjìlá, ni tirẹ̀: átọ́ọ̀mù mẹ́ta tí òdo mẹ́tàlélógún tẹ̀lé, gíráàmù mélòó ni? Ọ̀nà àbọ̀ ni, Ìyìn sí Ìgbẹ́mọ. Bí ó ti gbé ṣọ́ọ̀kì sókè ni Àrá na rọ́bà mọ́ tábìlì, gbàá! "Àbí o ń sùn ni?" Ṣọ́ọ̀kì kán mọ́ Kẹ́hìndé lọ́wọ́. Ibi tó yẹ kó ti pín in, ó sọ ọ́ di púpọ̀, òdo sì kún pátákó. Àrá bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ wò ó, kábọ́ọ̀nù tó wúwo ju ayé lọ! Ẹ wá òṣùwọ̀n bá mi!" Kíláàsì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ojora. Gíráàmù mẹ́fà péré ni ìdáhùn, ó wà lẹ́nu mi bẹ́ẹ̀, ta ló tó sọ ọ́? Mo ti yege ná, kò sí bí mo ṣe lè tẹ̀lé e mọ́.

Màámi lọ bẹ̀bẹ̀. Àrá ní, "Màdáámù, ẹni tí kò mọ móólù yóò ṣubú nínú ìdánwò àṣekágbá ni." Ní ọjọ́ Ajé, Kẹ́hìndé kó ìwé rẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, a kò jọ jókòó nínú kíláàsì kan mọ́ títí a fi jáde.

Lónìí, apòògùn ni mí ní Adó, kóòtù ni Kẹ́hìndé ti ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, ó sì ń ṣe dáadáa. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń tẹ ìbéèrè móólù sínú fóònù, ìdáhùn á sì yọ kí wọ́n tó mí. Kì í ṣe èyí ni mo ń jowú. Láìpẹ́ yìí ni ọmọbìnrin mi ṣì í níwájú kíláàsì, ó ní tíṣà àwọn kàn sọ pé kí òun mu omi, kí òun tún un ṣe. Mo bi í léraléra bóyá tíṣà náà kò lù ú. Ó ń wò mí bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Mo pe Kẹ́hìndé, mo ròyìn rẹ̀ fún un. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ pátápátá: "Táyé, bá mi kí tíṣà yẹn o."