Omi Kẹ́tù Búsàrí

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí àwọn tó ń sọ ìsọkúsọ nípa rẹ̀ ti pọ̀ jù ní Creek Road, ní Port Harcourt níbí. Wọ́n ní orí ẹ̀gbọ́n bàbá mi dàrú. Orí rẹ̀ ò dàrú. Ó ń retí ni. Asíátà lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Abọ́ tánganran àti kẹ́tù ló ń tà nínú ọjà Creek Road. Kò sí irú kẹ́tù tí kò tà, àmọ́ ọ̀kan wà nílé tí kì í ṣe títà. Kẹ́tù àlùwàlá ọkọ rẹ̀ ni. Ní ìdájí, kó tó pọn omi fún ara rẹ̀, á kọ́kọ́ pọn tiẹ̀, á gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ń lò ó. Tí ilẹ̀ bá tún mọ́, á da omi àná sídìí ìbẹ́pẹ, á pọn òmíràn.

Búsàrí ni ọkọ náà ń jẹ́. Bàsíkùlù ló ń tún ṣe ní Township, àdúgbò wa, òun náà sì ni ládàánì tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àwọn ará wa. Nígbà tí ogun Biafra fẹ́ bẹ́ sílẹ̀, tí àwọn Yorùbá ń kó ẹrù wọn lọ sílé, ó fi ìyàwó rẹ̀ sọ́kọ̀, ó ní kó máa lọ, òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Lèmọ́mù ti lọ, àwọn àgbà ti lọ, ó ní bí òun náà bá lọ, ta ni yóò pe ìrun? Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ nígbà tí ogun ń bọ̀! Ohun tó sọ kẹ́yìn fún Màmá ni pé kó bá òun pọn omi sí kẹ́tù kó tó jáde. Ó bá a pọn ọ́n.

Nígbà tí ogun parí tí Màmá padà dé, kẹ́tù ló bá, lọ́wọ́ àwọn ará Okrika tó ń gbé ilé kejì. Tonye, ọmọ wọn obìnrin, kéré nígbà náà, àmọ́ ó rí i nígbà tí àwọn ṣọ́jà mú Búsàrí lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, tí wọ́n sọ ọ́ sínú lọ́rì. Ṣọ́jà wo? Tonye ò mọ̀. Ṣé ti Biafra ni, tí wọ́n ní amí ni? Àbí ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ní kí ló ń ṣe láàárín ọ̀tá? Títí dòní, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Màmá ò ṣe opó. Àwọn ẹbí ní kó ṣe é, kí wọ́n ṣe fìdáù fún ọkùnrin náà, kó fẹ́ ẹlòmíràn kó lè bímọ. Ó lóun ò ṣe. Ó ní ta ló sọ fún òun pé ọkọ òun kú? Àwọn àgbà ló ní ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ, ọ̀rọ̀ ọkọ náà ò sì yàtọ̀. Nígbà tí bàbá mi rí i pé kò ní fẹ́ ẹnikẹ́ni, ó fi èmi Fàdílátù ránṣẹ́ sí i. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo dàgbà sí.

Ọdún 1999 ni wàhálà tèmi bẹ̀rẹ̀, ẹnu ara mi ló sì ti wá. Àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá, gbogbo ìsọ̀ ló ń gbọ́ rédíò. Lọ́jọ́ kan, wọ́n sọ ọ́ lédè òyìnbó pé olórí ìlú kan lókè òkun dúró ní gbangba, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tí ọmọ ogun ìlú rẹ̀ pa ẹbí wọn láyé àtijọ́. Màmá bi mí pé kí ni wọ́n wí. Ó yẹ kí n ní ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Mo jókòó, mo túmọ̀ ẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ó gbé abọ́ tó ń nù sílẹ̀, ó ní, “Ṣé ìlú náà máa ń bẹ̀bẹ̀ ni?”

Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ́ ká sinmi. Ó ní kí tiwa náà wá. Kí wọ́n wá sọ fún òun pé àwọn làwọn mú Búsàrí, ohun báyìí làwọn ṣe fún un, kí òun má bínú. Nígbà náà lòun máa ṣe opó òun. Inú bí mi. Mo sọ fún un pé “ẹ jọ̀wọ́” kì í jí òkú.

“Ta ló ní kó jí i?” ló dá mi lóhùn. “Bí ọmọ ẹnì kan bá fọ́ àwo mi nísọ̀ yìí, ṣé o ò ní ní kó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí ni? Ṣé àwo náà á tún so pọ̀?”

Mo fa abọ́ mìíràn, mo ń nù ún.

Ọ̀rọ̀ náà wá di ti ọjà. Alájì tó ń ta àlùbọ́sà ní ìjọba ò lè bẹ̀bẹ̀ láé, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá bẹ ẹnì kan ni gbogbo ayé á tò sẹ́nu ọ̀nà wọn. Ẹlòmíràn ní ó ti pẹ́ jù, kí Màmá gbàgbé. Màmá ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Wọ́n tún bi í pé ìjọba wo gan-an ló ń wí, ṣé èyí tó wà ni àbí Biafra tí kò sí mọ́? Ó ní kí ẹni tó bá ṣẹ́kù nínú wọn wá, ẹni tó bá wà láyé ló ń bá òkú san gbèsè. Ìyá kan, ọmọ Ìgbò, tó ń ta ẹja gbígbẹ níwájú wa, dìde, ó ní àwọn gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀, ọmọ òun méjì ni ebi pa lójú òun nínú ogun yẹn. Mo rò pé ìjà ló dé. Màmá dìde lórí àpótí rẹ̀, ó fà á fún obìnrin náà, ó ní òótọ́ ló sọ, tiẹ̀ pọ̀ ju tòun lọ, kí wọ́n kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ rẹ̀, òun lè dúró. Àwọn méjèèjì jọ jókòó títí ọjà fi tú, wọn ò tà, wọn ò rà.

Nígbà tí ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn ará ìlú, tí wọ́n sì jókòó ní Port Harcourt níbí, Màmá wọ aṣọ ọdún rẹ̀, ó lọ. Èrò pọ̀, ọ̀rọ̀ pọ̀, kò kàn án. Ìyẹn ò bí i nínú. Ohun tó bí i nínú ni ọkùnrin kan tó ń wàásù lórí rédíò pé kí kálukú dárí ji ẹnì kejì. Ó ní kí òun dárí ji ta ni? Ta ló ti wá bá òun? Nílé wa, ẹni tó bá ṣẹ ni ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Á dọ̀bálẹ̀, á dárúkọ ohun tó ṣe, á ní ká má bínú. Bí ojú bá ń tì í, á rán àgbà ṣáájú. Ẹ̀bẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀, báwo lèèyàn ṣe ń gbà á?

Ọdún ń gorí ọdún. Mo fẹ́ ọkọ, a kọ́lé sí Eliozu, lẹ́yìn ìlú. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá bá wa gbé, ó kọ̀. Ó ní bí Búsàrí bá dé, Township ló mọ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tí kò lè dá rìn mọ́, lẹ́yìn ọdún kòrónà, ló tó gbà. Kẹ́tù yẹn nìkan ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé. Ó ní kí Àǹtí Tonye máa sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè òun pé Eliozu lòun wà. Mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí ẹkún ń gbọ̀n mí.

Ní Eliozu, ara rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Kò jẹun dáadáa mọ́, ojú rẹ̀ ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bí ọkọ̀ bá dúró, á béèrè pé ṣé àwọn ni. Àǹtí Tonye wá kí wa, ó rí i, ó fà mí sẹ́yìn ilé. Ó nawọ́ sí yàrá iwájú tí Ọládipọ̀, ayálégbé wa, ń gbé. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Ọládipọ̀, mùsùlùmí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù.

“Customs no be government?” ló bi mí. “Make e wear uniform go beg Mama.”

Mo ní kò burú. Ọládipọ̀ kọ́kọ́ kọ̀, mo ní ṣé kò rí i pé ìyá ń lọ ni? Mo kọ́ ọ lóhun tó máa sọ: ìjọba àpapọ̀ ló rán an, wọ́n ti gbọ́ ti Búsàrí, wọ́n ní kí Màmá má bínú. Mo ní kó dúró ṣinṣin bíi ti ìjọba, kó má rẹ́rìn-ín.

Ó wọlé lọ́sàn-án Sátidé nínú aṣọ iṣẹ́ tó ti lọ̀, bàtà ń dán. Màmá gbórí sókè lórí ibùsùn. Ọládipọ̀ wò ó, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì, tàyà-tàyà. Mo ní yéè, ó ti bà á jẹ́! Ìjọba wo ló ń dọ̀bálẹ̀?

Màmá ní, “Ọmọ ta ni ẹ́?”

“Ìjọba kọ́ ló rán mi, Màmá,” ni ọmọkùnrin náà wí. “Ìyá Mùníráh ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀.” Èmi ni ìyá Mùníráh náà. Ẹ ò rí ọ̀dàlẹ̀! “Bàbá tó bí bàbá mi ṣe ṣọ́jà nínú ogun yẹn. Port Harcourt yìí ni wọ́n kó wọn wá. Kò sọ ohun tó ṣe níbí fún ẹnikẹ́ni títí tó fi kú, àmọ́ ó máa ń ké lójú oorun. Ẹ jọ̀wọ́, Màmá, ẹ má bínú.”

“Ṣé òun ló mú Búsàrí?”

“Mi ò mọ̀, Màmá.”

Àtìgbà tí mo ti dé ọ̀dọ̀ obìnrin yìí, mi ò rí i kó sunkún rí. Ó sun ún lọ́jọ́ náà. Ọládipọ̀ ò dìde nílẹ̀, Àǹtí Tonye fi ìborí bojú.

“Dìde, ọmọ mi,” ni Màmá wí nígbà tó ṣe. “Èyí tó o bẹ̀ fún bàbá yín, mo gbà á. Ọlọ́run á forí jì í. Àmọ́ ẹnì kan kì í ṣe ìlú. Ti ìlú ṣì wà nílẹ̀.”

Wọ́n ń pe ìrun ọ̀sán. Ó ní kí Ọládipọ̀ gbé kẹ́tù ẹnu ọ̀nà yẹn, kó fi ṣe àlùwàlá. Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Ọmọkùnrin náà lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sókè, ó ń da omi sọ́wọ́, ó ń bu ú sójú. Màmá ń wo omi tó ń kán ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ títí tó fi wẹ ẹsẹ̀ tán. Ó wá yíjú sí mi.

“Pọn òmíràn sí i, Fàdílátù. Onílé ò tíì dé.”

Kí òjò ọdún kejì tó dé ni Màmá kú. Nígbà tí a ń ṣe fìdáù rẹ̀, àlùfáà ní ká kúkú ṣe ti ọkọ rẹ̀ mọ́ ọn, kí gbogbo rẹ̀ parí. Gbogbo ẹbí ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ní rárá. Mo ní ta ló ti wá sọ fún wa pé ó kú?

Àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ta ló ń lo omi yìí gan-an. Ní ìdájí òní, mo da ti àná nù, mo pọn òmíràn, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ èwo ni mò ń retí, Búsàrí ni, àbí ẹni tó máa wá bẹ̀bẹ̀. Mo dúró díẹ̀, mo wo títì, mo sì wọlé lọ kírun.