Àyè tí Wọ́n Fò nínú Ahoro

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, nígbà tí eruku ti bo gbogbo òrùlé abúlé, tí ewé kajú gan-an pọ́n bí amọ̀, tónítóní làwọn dígí sólà tó wà nínú ahoro máa ń mọ́ láràárọ̀. Kò sí ẹni tó sọ pé òun ló fọ̀ wọ́n.

Abúlé ìyá mi ni, láàárín Tẹ̀dé àti Àgọ́-Àrẹ. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe n'Ìbàdàn, ó sì ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù abúlé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló pè mí pé kí n wá gbé iṣẹ́ wọn sórí rédíò. Àwọn àgbẹ̀ tó ń dáwó ajílẹ̀ jọ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n dáwó ra iná oòrùn, ìjọba sì bá wọn fi kún un. Fìríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ń tutù ní ilé ìwòsàn báyìí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ èlùbọ́ kò sì mu epo mọ́. Ìròyìn ayọ̀ ni mo wá ṣe.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo dé sí. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ni gbogbo abúlé ń pè é. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ó kú ní kékeré, kò sì bí òmíràn. Ta ni yóò wá fi orúkọ ọmọ tó kú pe ìyá rẹ̀? Ọjà tó ń tà ni wọ́n fi ń pè é.

Ahoro náà ni ibi tí abúlé wà kí ọ̀nà ọkọ̀ tó dé, kí gbogbo ayé tó kó wá sí etí títì. Ògiri ibẹ̀ ti wó di òkìtì. Kò sí oko ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kò sì sí igi tó lè ṣíji bo dígí, ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ fi yàn án. Òfin wọn ni pé kí agboolé kọ̀ọ̀kan máa lọ fọ dígí nígbà tó bá kàn wọ́n. Òfin náà ò pé oṣù kan nínú ọyẹ́ tó fi dẹ́kun.

"A gbé korobá débẹ̀, omi ti ń kán lára dígí," obìnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìlọlùbọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. "Korobá ọwọ́ mi ṣì kún dẹ́nu. Mo dà á nù, mo sá wálé."

"Ìrì ńkọ́?"

"Ìrì wo? Nínú ọyẹ́ tí ètè gbogbo wa ń bó yìí?"

Ọlọ́kadà tó gbé mi wá dá sí i. "Bó bá jẹ́ àǹjọ̀nnú ni, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, kó fọ ọ̀kadà mi náà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí ẹnì kan sìn mí débẹ̀, oníkálukú ní iṣẹ́ ń dúró de òun. Alága fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ, ní ọ̀sán gangan.

Ibẹ̀ dákẹ́ jù fún ibi tí ẹ̀rọ wà. Àpótí bátìrì nìkan ló ń kùn bí oyin inú ihò igi. Ìlà dígí gún régé bí ebè, ojú wọn ń dán. Láàárín ìlà kẹta ni mo ti rí i pé àyè kan ṣófo. Ó gba dígí méjì, wọn ò sì to nǹkan kan síbẹ̀.

"Kí ló dé ibí yìí?"

"Àpáta ni," alága dáhùn, kò wo ibẹ̀. "Ìjọba sì fẹ́ fi kún dígí wa. Wọ́n ní àyè yìí làwọn máa kọ́kọ́ dí."

Mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Iyẹ̀pẹ̀ ni, ó rọ̀. Alága fa apá mi kíá. "Kúrò lórí ẹ̀."

Ó ní kí n lọ bi Bàbá Alágbẹ̀dẹ, àgbàlagbà tó dàgbà jù ní abúlé. Mo bá a lójúde rẹ̀, ó ń gbẹ́ ẹrúkọ́. Ó wo ọ̀nà ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi kó tó la ẹnu.

"Ọmọ ìyá yẹn ló wà níbẹ̀. Ibà ló pa á, kí a tó kó wá sí etí títì. Ó ti dàgbà tó ọmọ tó ń pọnmi. Gbogbo agboolé ló máa ń pọnmi fún, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Nínú àwa tó sin ín, èmi nìkan ló kù láyé."

"Ṣé Màmá mọ ibẹ̀?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Ìyá tó bá mọ̀ ọ́n, wọn kì í jẹ́ kó débẹ̀ mọ́, ṣe ni wọ́n máa ń ṣọ́ ọ. Nígbà tí ẹnjiníà ń ri èèkàn mọ́lẹ̀, mo ní kó fo ibẹ̀. Mi ò sọ ìdí ẹ̀ fún un. Alága nìkan ni mo sọ fún."

"Bàbá, gbogbo ahoro lẹ fi dígí bò, ibi kan ṣoṣo lẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó ń wá ojú oórì ọmọ rẹ̀, kí ló tún kù tó máa bi yín?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹrúkọ́.

"Tẹ́lẹ̀, gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ ló jọra," ó wí jẹ́jẹ́. "A ò ronú kan ìyẹn."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo rí i pé ẹní Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ṣófo, korobá rẹ̀ ò sì sí lẹ́nu ọ̀nà. Mo gba ọ̀nà ahoro lọ. Ọyẹ́ ti sọ gbogbo igbó di funfun. Mo gbọ́ ìró àkísà lára dígí kí n tó rí i. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ létí àyè tó ṣófo náà.

"Akọ̀ròyìn, o ò wọ súẹ́tà. Ṣé ọyẹ́ Ìbàdàn lo rò pé ó ń fẹ́ níbí?"

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ̀yin lẹ ń fọ gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀? Pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń ro mí yìí? Àwọn tó yí ibí ká ni tèmi. Àwọn tó kù, tútù ni mo máa ń bá wọn. Ṣèbí àwọn ará ẹgbẹ́ ló ń fọ̀ wọ́n?"

Mo wo ìparí ìlà kejì. Omi ń kán níbẹ̀, tó, tó, tó. Korobá kan ṣoṣo ló wà nínú ahoro náà. Ẹ̀bá ẹsẹ̀ Màmá ló wà, omi inú rẹ̀ kò sì tíì dín tó nǹkan kan.

"Ìbéèrè niṣẹ́ ẹ," ó wí. Ó rọra fọwọ́ lu ilẹ̀. "Kí ló dé tí wọ́n fo ibí?"

"Wọ́n ní àpáta ni."

Ó ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ títí ó fi rì dé oríkèé. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dún.

"Àpáta yìí rọ̀ o."

Mo la ẹnu. Ó gbọ́wọ́ sókè.

"Má sọ fún mi. Mi ò béèrè mọ́. Bí ẹnì kan bá lè sọ ọ́ sí mi létí, wọ́n á ní kí n má débí mọ́ láéláé. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀, dígí ni mo wá fọ̀."

Ó rẹ àkísà rẹ̀ sómi, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Mo padà sílé lọ wọ súẹ́tà.

Ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ kò jìnnà sí ìgbà náà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ò jáde, èmi àti òun la jọ jókòó mu ẹ̀kọ gbígbóná. Nígbà tó ṣe, a jọ lọ sí kíláàsì ilé ìwé tí wọ́n ti ń ṣèpàdé. Ọmọ ẹgbẹ́ ni òun náà, iwájú ló jókòó sí. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá láti Ìbàdàn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tẹ́ àwòrán ahoro náà sórí tábìlì.

"Àyè yìí ló ń dà wá láàmú," ó wí. "Ta ló ní kí wọ́n fò ó?"

"Àpáta ni," alága wí.

"Tíṣà, mo ti débẹ̀. Irin tí mo gún mọ́lẹ̀ wọlé bí ẹni gún ẹ̀kọ."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì gbé e mì kíá. Bàbá Alágbẹ̀dẹ dìde.

"Ilẹ̀ ibẹ̀ ò fẹ́ ẹrù."

"Bàbá, ẹ ṣàlàyé fún wa. Ilẹ̀ tó gbé ìyókù, kí ló dé tí kò ní gbé ìwọ̀nyí?"

Bàbá wo iwájú, níbi tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi jókòó sí. Ó jókòó.

Mo wo gbogbo kíláàsì. Àwọn tó ti dàgbà, lọ́kùnrin lóbìnrin, ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Ìgbà náà ló yé mi pé alága nìkan kọ́ ló mọ̀.

"Ẹ ò lè tò ó síbòmíì ni?" obìnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ bẹ̀bẹ̀.

"Màmá, mo lè tò ó síbòmíì. Ìdí ẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́."

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ di etí ìró rẹ̀ mú ṣinṣin, kò wẹ̀yìn, kò wo ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ìpàdé tú, mo tẹ̀lé òṣìṣẹ́ náà dé ìdí ọkọ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ ojú oórì náà àti ti àwọn dígí tó ń mọ́ fún un, ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ká àwòrán rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ìyá yẹn ló ń fọ̀ wọ́n?"

"Díẹ̀ nínú wọn ni."

"Kò fọ̀ wọ́n lónìí?"

"Ọ̀dọ̀ mi ló wà láti ìgbà tó ti kírun."

Ó wo ọ̀nà ahoro. "Mo gba ibẹ̀ kọjá kí n tó wá síbí," ó wí. "Tútù ni mo bá gbogbo ẹ̀."

Ó ju àwòrán náà sínú ọkọ̀, ohùn iṣẹ́ ìjọba ló wá fi sọ̀rọ̀. Ó ní ọ́fíìsì àwọn lè fi àyè náà sílẹ̀ títí ayé. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ sókè níwájú ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, bó bá sì jẹ́ ojú oórì ni, ìyá tàbí bàbá òkú ló máa fọwọ́ sí i. Bí kò bá sẹ́ni tó sọ ọ́, bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀ làwọn òṣìṣẹ́ yóò dé, wọn yóò sì ri irin mọ́ ibẹ̀.